Olú inú igbó wa: èyí tó ń ṣara lóore àti èyí tó ń pa èèyàn

Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní agbègbè Atakpamé, olú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí ọ̀gán àti lábẹ́ igi nínú oko. Àwọn ọmọdé á gbé igbá, àwọn ìyá wa á kó tiwọn lọ sọ́jà. Ọbẹ̀ olú dùn, a ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Olú gẹ́gẹ́ bí oògùn la fẹ́ bá yín sọ, torí àwọn kan ń ta ìyẹ̀fun olú pé ó ń wo ohun gbogbo, láti orí ẹ̀jẹ̀ ríru dé orí jẹjẹrẹ. Ṣé òótọ́ ni? Agbára wà lára olú lóòótọ́, àmọ́ kò tó bí wọ́n ṣe ń wí.

Ohun tí àwọn àgbà mọ̀

Ọ̀rọ̀ olú láàárín Yorùbá ti wà lákọsílẹ̀. Onímọ̀ ewéko kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, B. A. Oso, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1975 àti 1977, ó sì sọ bí àwọn oníṣègùn ṣe ń lò ó. Ohu wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Ohun tí wọ́n ń wá lára ohu ni ìdí rẹ̀ tó fara pamọ́ sínú ilẹ̀ tàbí sínú igi tó ti jẹrà. Ó rí roboto bí iṣu, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ funfun. Ẹ rì í mọ́lẹ̀, kí ẹ máa bomi rin ín, olú á yọ lára rẹ̀. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ewé àti èròjà mìíràn fún orí fífọ́, inú rírun, ibà àti òtútù. Àwọn Ígbò ní tiwọn ń lọ inú funfun yẹn sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

Olú ọ̀gán tún wà. Ikán ló ń gbìn ín, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ikán á kó ewé gbígbẹ àti igi wọlé, á fi ṣe ibùsùn fún olú, olú á sọ ọ́ di oúnjẹ tí ikán lè jẹ. Ìdí nìyẹn tí a ò fi lè gbin olú ọ̀gán sẹ́yìnkùlé bí a ṣe ń gbin ẹ̀fọ́. Oúnjẹ gidi ni. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbà tó wà ní tútù, nǹkan bíi 900 gíráàmù nínú kílò kan, àmọ́ tó bá gbẹ, èròjà tó ń mú ara dàgbà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ sá a sí oòrùn: oòrùn ń jẹ́ kí olú ní fítámì D, tó ń mú egungun le.

Ohun kan wà tí a ò fara mọ́. Olú kan wà tó rí bí ẹyin, tó bá gbó, eruku á máa tú jáde nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láyé ni wọ́n ti ń bu eruku yìí sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bu ú sí ìwọ́ ọmọ tuntun láé! Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé nínú erùpẹ̀, òun ló sì ń mú ẹnu ọmọ le gbagidi tí kò fi ní lè mu ọmú mọ́.

Olú nínú ilé oògùn

Àwọn dókítà kì í fojú kéré irú ohun báyìí. Pẹnisílíìnì, tí Alexander Fleming ṣàwárí ní 1928, ara èbu ló ti wá, èbu àti olú sì jẹ́ ìbátan. Ní 1977, ìjọba Japan fọwọ́ sí oògùn kan tí wọ́n fà jáde lára olú tó ń hù lára igi gbígbẹ. Àwọn tó ní jẹjẹrẹ ni wọ́n máa ń fún nígbà yẹn, àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: wọ́n máa ń fún wọn pẹ̀lú ìtọ́jú ilé ìwòsàn ni, wọn ò fi rọ́pò rẹ̀. Torí náà, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ pa oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru tì torí ìyẹ̀fun olú, ẹ dá a padà. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà kó tó fẹnu kàn án, torí àwọn olú kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí tó ń pani

A máa ń gbọ́ pé tí ìgbín tàbí kòkòrò bá ti jẹ olú, kò sí májèlé nínú rẹ̀. Irọ́ ni. Ìgbín lè jẹ ẹ́ kó má ku, kí èèyàn jẹ ẹ́ kó kú. Pé ẹ sè é pẹ́ kò ní kí májèlé àwọn kan lọ. Ẹ ṣọ́ra fún olú tó ní òrùka lọ́rùn, tí àpò bí èèpo ẹyin sì wà ní ìdí rẹ̀ nínú ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ wú u tìdí-tìdí kí ẹ lè rí i, torí ẹni tó bá já a lókè kò ní rí àpò yẹn. Olú tó ń hù lórí pàǹtí ọ̀pẹ náà ní àpò, a sì ń jẹ ẹ́, àmọ́ kò ní òrùka, abẹ́ fìlà rẹ̀ sì máa ń pọ́n díẹ̀ tó bá gbó. Tó bá ṣì kéré, àwọn méjèèjì jọra gan-an, torí náà ẹ fi í sílẹ̀. Olú funfun ńlá kan tún ń yọ láàárín koríko, abẹ́ rẹ̀ ń di àwọ̀ ewé tó bá gbó. Ẹ má jẹ ìyẹn náà.

Ẹ ka wákàtí. Bí èébì bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì, ó burú, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń lọ. Bí ó bá tó wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó dé, ẹ̀rù ń bẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ara á dà bíi pé ó ti yá, ẹbí á dúpẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ojú á pọ́n bí obì, kò sì sí ohun púpọ̀ tí dókítà lè ṣe mọ́.

Epo pupa kì í pa májèlé yìí, mílíìkì náà kò lè pa á. Ẹ máa fún aláìsàn ní omi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí dispensaire tó sún mọ́ yín tàbí CHR Atakpamé lọ́jọ́ náà gan-an, bó bá tilẹ̀ ń sọ pé òun ti gbádùn. Ẹ wá olú tó ṣẹ́ kù, àní ti inú ìkòkò pàápàá, kí ẹ dì í sínú bébà, kì í ṣe sínú ọ̀rá. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì wákàtí tí ẹ jẹ ẹ́ àti wákàtí tí èébì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú gbogbo ẹni tó bá yín jẹ nínú ìkòkò yẹn dání.