Bí a ṣe ń ya àwòrán ẹyẹ àlejò létí ọ̀sà láì lé e sá

Bí ènìyàn bá jí dé etí ọ̀sà ní ìlú Èkó láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí omi bá fà, tí ẹrẹ̀ sì hàn síta, yóò rí àwọn ẹyẹ kéékèèké kan tí wọ́n ń fi ẹnu gígùn gún ẹrẹ̀ kiri. Wọn kì í ṣe lékeléke, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Àlejò ni wọ́n. Ìhà àríwá ayé, níbi tí yìnyín pọ̀ sí, ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń pamọ. Bí òtútù bá ti ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń ṣí wá sọ́dọ̀ wa wá jẹun.

Ìrìn-àjò wọn kì í ṣe kékeré. Etíkun Yúróòpù àti ti Mòrókò ni púpọ̀ wọn ń gbà kọjá. Ní Banc d'Arguin, lórílẹ̀-èdè Mauritania, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 1989, ẹyẹ etí omi tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló ń lo ìgbà òtútù. Àwọn mìíràn ń tẹ̀síwájú dé ọ̀sà Keta ní Gánà àti dé ọ̀dọ̀ wa. Siberia ni èyí tí wọ́n ń pè ní Curlew Sandpiper ti ń wá, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 60 giramu péré ni ìwọ̀n rẹ̀. Lọ́dún 2022, ìbátan wọn kan, Bar-tailed Godwit, gbéra ní Alaska, ó sì fò fún ọjọ́ 11 láì balẹ̀ rárá títí ó fi dé Tasmania, ìrìn 13,560 kìlómítà.

Ọ̀rá ara wọn ni epo tí wọ́n fi ń rin ìrìn yìí. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá lé wọn sókè, ọ̀rá náà ló ń jó dànù, àkókò oúnjẹ sì ń lọ. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, àjọ IUCN kéde pé ewu tó ń bá irú ẹyẹ etí omi aṣíkiri 16 ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; Curlew Sandpiper wà lára wọn. Ìdí rèé tí ayàwòrán fi gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àkókò ló ṣáájú. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, nítorí atẹ́gùn òkun kò tíì dìde, ojú omi sì tòrò bíi dígí. Bí ọ̀sán bá pọ́n, omi á máa rú, òjìji ẹyẹ á fọ́, ooru ilẹ̀ á sì mú kí àwòrán ṣe bàìbàì. Àwọn apẹja àdúgbò mọ ìgbà tí omi ń fà àti ìgbà tó ń kún. Ọ̀dọ̀ wọn ni ká ti béèrè.

Ìdùbúlẹ̀ ló tẹ̀lé e. Ẹni tó bá dúró ya ẹyẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni yóò yà. Ká tẹ́ tapólín sórí ẹrẹ̀, ká dojú bolẹ̀, ká sì gbé kámẹ́rà lé orí àpò kékeré tí a rọ ẹ̀wà sí, kí ojú rẹ̀ lè súnmọ́ ojú omi. Kí oòrùn wà lẹ́yìn wa. Lẹ́ǹsì 400 mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló bá iṣẹ́ yìí mu. Fún ẹyẹ tó ń rìn, 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá tó. Fún èyí tó ń fò, 1/2000. Ojú ẹyẹ ni kí kámẹ́rà dì mú. Ká fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí a má baà gé òjìji inú omi kúrò. Omi tó ń dán máa ń tan kámẹ́rà jẹ, ẹyẹ á wá dúdú. Nígbà náà, ká fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ká má ṣe rìn lọ bá ẹyẹ tààrà. Ká ti débẹ̀ kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ká jókòó jẹ́ẹ́; omi fúnra rẹ̀ ni yóò ti àwọn ẹyẹ wá sọ́dọ̀ wa. Bí ẹyẹ bá ṣíwọ́ oúnjẹ, tó na ọrùn sókè, tàbí tó ń sún sẹ́yìn, a ti súnmọ́ ọn jù nìyẹn, ká padà. Ẹni tó ń ju òkúta kí ẹyẹ lè fò fún un kì í ṣe ayàwòrán, apanirun ni. Nígbà tí omi bá kún tán, tí wọ́n kó ara wọn jọ síbi gbígbẹ, oorun ni wọ́n ń sùn. Ká fi wọ́n sílẹ̀.

Ká má sì gbàgbé ara wa. Ẹrẹ̀ ọ̀sà a máa rì. Ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ dá lọ. Bí a bá délé, aṣọ tí a fi omi tútù rẹ díẹ̀ ni ká fi nu kámẹ́rà, nítorí iyọ̀ a máa jẹ irin.

Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kó iyanrìn dí etí ọ̀sà Èkó láti kọ́lé. Àwòrán tí a kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á sí di ẹ̀rí pé ẹyẹ ń jẹ níbẹ̀. Iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas Project, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, ń kó irú àkọsílẹ̀ ẹyẹ bẹ́ẹ̀ jọ. Bí etí omi náà bá dilé tán, ibo ni àlejò yóò balẹ̀ sí?