Níbo La Ti Ń Rí Ìwọ̀n Caboose?

Caboose ni yàrá kékeré tó máa ń wà ní ìdí ọkọ̀ ojú irin ẹrù ní Amẹ́ríkà nígbà kan rí, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń ṣọ́ ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi páálí kọ́ ẹ̀dà kékeré rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ gígùn àti gíga rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú N5c ti Pennsylvania Railroad, tó jáde ní 1942, tí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí roboto bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Iléeṣẹ́ náà dàpọ̀ mọ́ New York Central, orogún rẹ̀, ní 1968. Nígbà tó fi máa di 1970, gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìwé irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ di pàǹtí. Ọpẹ́ ni pé púpọ̀ nínú tirẹ̀ wà ní Pennsylvania State Archives àti ní Hagley.

Bí àwòrán bá sọnù ńkọ́? Fọ́tò a máa sọ̀rọ̀. Àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 1,435, táyà irin ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù ìgbà yẹn sì jẹ́ íǹṣì 33. Ìwọ̀nyí la fi ń wọn ìyókù. (Fọ́tò tí wọ́n yà láti ọ̀nà jíjìn ló sàn jù.) Nínú ẹ̀dà HO, tí a fi 87 pín, àlàfo yẹn di mílímítà 16.5.

Lójú tiwa, àwòrán iléeṣẹ́ pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí tó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n so eriali mọ́ òrùlé ọ̀pọ̀ N5c. Ká tó gé páálí, caboose ọdún wo gan-an la fẹ́ kọ́?