Fífi iná oòrùn orí òrùlé ṣáàjì ọkọ̀ oníná mànàmáná

Fífi iná oòrùn orí òrùlé ṣáàjì ọkọ̀ ni lílo iná tí pánẹ́ẹ̀lì sólà orí ilé ń mú wá láti fi kún bátìrì ọkọ̀ oníná mànàmáná. Ìnfátà ló ń yí iná DC tí pánẹ́ẹ̀lì mú wá padà sí AC. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ a sì tún yí i sí DC kí bátìrì tó gbà á.

Pánẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì mẹ́wàá lè mú nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 20 wá ní wákàtí 5 oòrùn ganrínganrín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré lè fi í rin nǹkan bíi kìlómítà 100. Bí ìkùukùu bá ṣú bo oòrùn, ẹ̀rọ ṣáàjì tó ń bá oòrùn rìn a dín iná kù; bí kò bá tó áńpíà 6 mọ́, a dá ṣáàjì dúró.

Ní Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, òfin ti sọ ọ́ di dandan láti 2020 pé kí ọ̀pọ̀ jù lọ ilé tuntun ní pánẹ́ẹ̀lì. Láti oṣù Kẹrin 2023, iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ iná ńlá ibẹ̀ ń kà fún iná tí onísólà tuntun bá tà fún wọn ti wálẹ̀ gan-an. Nítorí náà, rírọ iná ọ̀sán sínú ọkọ̀ máa ń lérè ju títà á lọ.