Màmá Ti Mọ Ìparí Rẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ìyá bàbá mi jọ ń wo fíìmù Yorùbá kan nílé wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi sọ bí yóò ṣe parí: ọmọ òrukàn yóò jìyà, ìkà yóò gbádùn fún ìgbà díẹ̀, àṣírí yóò tú, ijó ni yóò sì kẹ́yìn rẹ̀. Mo ní irú eré bẹ́ẹ̀ ti sú mi. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Kí n tó sanwó nígbà tiwa ni mo ti ń mọ ìparí rẹ̀. Síbẹ̀ mo ń sanwó.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bi àwọn olùkọ́ mi léèrè, mo sì ka ìwé. Mo rí i pé ìlànà tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ti pẹ́ ju sinimá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó máa ṣe fíìmù ní èdè Yorùbá, àwọn eégún alárìnjó ti ń ṣeré láti ìlú dé ìlú. Wọn a kọ́kọ́ júbà, ijó a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wọn a pidán. Ẹnì kan a di ẹkùn, ẹlòmíràn a di òjòlá, òmíràn a di Òyìnbó tàbí ọ̀mùtí kí wọ́n lè pa ará ìlú lẹ́rìn-ín. Ijó ni wọ́n tún fi ń kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Tọmọdé tàgbà ló mọ ohun tó kàn. Ohun tí wọ́n wá wò ni bí ẹgbẹ́ tó dé lọ́tẹ̀ yìí yóò ṣe ṣe é ju ti èṣí lọ.

Nígbà tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ tíátà tirẹ̀ ní Èkó ní 1944, ó fi orin àti ijó ṣílẹ̀kùn eré, ó sì tún fi wọ́n pa á dé. Àwọn ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e, bíi ti Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ń fi mọ́tò gbé eré tiwọn kiri.

Ní 1976, Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, fíìmù àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Adé Love, ló ṣe Àjàní. Ọmọ Agbamu ni, Ìgbómìnà bíi tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Kwara ni ìlú tirẹ̀ wà, tí tiwa wà ní Ọ̀ṣun. Ọ̀dọ̀ Bàbá Sàlá ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú fíìmù náà, olóṣèlú kan gba ilẹ̀ bàbá ọdẹ kan tó ti kú, ó tún fẹ́ gba àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀. Orin wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀. Àjàní sì gba ohun tí í ṣe tirẹ̀ padà.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ni Màmá ti wò ó. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, jẹnẹrétọ̀ ń dún níta, àwọn ènìyàn sì ń pariwo kìlọ̀ fún Àjàní bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn. Mo béèrè pé, “Màmá, kí ló dé tí ẹ sanwó fún ohun tí ẹ ti mọ̀?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá sọ fún mi nípa oko kòkó bàbá wọn. Ẹni tó lówó jù wọ́n lọ gbà á, wọ́n ṣẹjọ́ títí, wọn kò rí i gbà padà. “Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “ara aṣọ funfun yẹn nìkan ni mo ti rí i kí ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.”

Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn Tamil ní gúúsù Íńdíà ń pe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní masala, orúkọ àpòpọ̀ èròjà ọbẹ̀, nítorí pé ìjà, orin, ẹ̀rín àti ẹkún ń bẹ nínú ìkòkò kan náà. M. G. Ramachandran pẹ́ nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alátìlẹ́yìn tálákà. Ní 1977, ó di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Tamil Nadu. Àwọn èèyàn ibẹ̀ náà mọ̀ pé akọni ni yóò borí, síbẹ̀ wọ́n ń rọ́ lọ wò ó.

Mi ò sọ pé ìlànà yìí kò ní àléébù. Ìgbà púpọ̀ ni arúgbó obìnrin máa ń jẹ́ àjẹ́ nínú rẹ̀. Màmá fúnra wọn sọ ọ́: “Wo irun mi, èmi náà ti tó àjẹ́ inú fíìmù.” Ó yẹ kí àwa tí a ń bọ̀ lẹ́yìn tún ibẹ̀ ṣe.

Fíìmù ọjọ́ Sátidé yẹn parí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe wí. Àṣírí tú, wọ́n mú ìkà, ìlù sì bẹ̀rẹ̀. Màmá pàtẹ́wọ́. Mo rántí oko kòkó náà, èmi náà bá wọn pa á.