Alumíníọ̀mù ní Abidjan

Alumíníọ̀mù jẹ́ irin funfun tó fúyẹ́; ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin dúdú. Ooru 660°C ló ń yọ́ ọ. Kì í dípẹtà, nítorí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ sí i lára bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ló ń dáàbò bò ó. Iná mànàmáná tí yíyọ rẹ̀ lára òkúta bọ́síìtì ń jẹ pọ̀ gan-an. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbára lé iná ìsédò Akosombo nígbà tí ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù VALCO bẹ̀rẹ̀ ní Tema, Gánà, ní 1967.

Ní Abidjan, òun ni wọ́n fi ń ṣe férémù fèrèsé, páànù òrùlé àti wáyà iná. Iṣẹ́ tó yẹ ká yìn jù ni ti àwọn tó ń da ìkòkò. Wọ́n á yọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò àlòkù àti agolo, wọ́n á tẹ iyanrìn tútù mọ́ ìkòkò àwòṣe gírígírí, wọ́n á yọ àwòṣe, wọ́n á wá da irin yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Tó bá dì tán, wọ́n á fi fáìlì họ etí rẹ̀ títí yóò fi dán.

Àmọ́ ìwádìí kan tó jáde ní 2017 lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ láti orílẹ̀-èdè 10, tí Côte d'Ivoire wà lára wọn, fi hàn pé òjé lè jáde lára àwọn kan sínú oúnjẹ. Ohun kíkan máa ń fà á jáde, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ tòmátì sùn mọ́jú nínú wọn.