Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọmọ́wùnmí Sadik àti ẹ̀rọ tó ń mọ ohun tí imú ò lè gbọ́

 Ẹni tó bá ti pẹ́ ní apá ibí yìí kò ní gbàgbé ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, èrò ti kún ibùdókọ̀ Nyanya, oníkálukú ń wá bó ṣe máa débi iṣẹ́ láàárín ìlú, ni bọ́ǹbù bá bú. Ó lé ní 70 èèyàn tó bá a lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n lọ kó àwọn ọmọbìnrin Chibok. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, òmíràn tún bú ní Nyanya yìí náà.

Láti ìgbà yẹn, jígí ò kúrò lójú wa mọ́. Ẹ mọ jígí tí à ń wí: èyí tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá, tí àwọn sikiọ́rítì máa ń tì sábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n á ní ẹ ṣí búùtù, ẹ ṣí i, wọ́n á ní ẹ máa lọ. Kí ni jígí fẹ́ rí nínú báàgì ẹni tó jókòó sẹ́yìn? Àwọn èròjà tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù ní òórùn tiwọn, àmọ́ ó kéré ju ohun tí imú èèyàn lè gbọ́. Ajá tí wọ́n kọ́ dáadáa lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ ajá náà, ebi sì ń pa á.

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n gbájú mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọmọ́wùnmí Sadik ni. Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ti sọ ilé tí wọ́n ti jáde, àbí? Èkó ni wọ́n bí wọn sí ní 1964. Unilag ni wọ́n ti gboyè àkọ́kọ́ nínú kẹ́mísírì ní 1985, wọ́n gba másítà níbẹ̀ ní 1987. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjá sí Wollongong, ní Ọsirélíà, wọ́n sì di ọ̀mọ̀wé ní 1994. Àwa tí a fi Ìbàdàn àti Ọ̀ṣogbo sílẹ̀ wá sí Karu, tí a rò pé ọ̀nà tiwa ló jìn!

Kó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tí màmá tó ní àtọ̀gbẹ ń lò nílé. Wọ́n á gún ìka, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ kan pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, nọ́ńbà á yọ. Ẹ́ńsáìmù ló wà lórí pépà yẹn, ṣúgà nìkan ló sì ń wá. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ò kàn án, ọ̀rá ò kàn án. Tó bá ti bá ṣúgà pàdé, iná mànàmáná kékeré á ṣàn, ẹ̀rọ á kà á. Ará Amẹ́ríkà kan, Leland Clark, ló la irú ọ̀nà yìí ní 1962. Biosensor ni wọ́n ń pè é.

Ìṣòro ibẹ̀ ni bí èèyàn á ṣe so irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ wáyà, tí kò ní tètè bọ́, tí kò sì ní bàjẹ́. Ibí ni ike ti wọ ọ̀rọ̀. Ike tí a mọ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Òun la fi ń bo wáyà. Ṣùgbọ́n ní Japan, ẹnì kan tó ń bá Hideki Shirakawa ṣiṣẹ́ ṣèèṣì da èròjà kan sí i ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún iye tó yẹ, ike tó ń dán bíi fàdákà ló jáde. Ní 1977, Shirakawa pẹ̀lú Alan MacDiarmid àti Alan Heeger tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà fi hàn pé irú ike yẹn lè gbé iná. Àṣìṣe yẹn náà ló parí sí ẹ̀bùn Nobel fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 2000.

Irú ike bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Sadik bá ṣiṣẹ́ ní Wollongong. Wọ́n á ki wáyà bọ omi tí èròjà tó ń jẹ́ pyrrole wà nínú rẹ̀, wọ́n á fún un ní iná díẹ̀, pyrrole á bẹ̀rẹ̀ sí í so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, á di ike sára wáyà. Antibody tí wọ́n ti fi sínú omi náà á há sínú ike, bí ẹyin ṣe ń há sínú mọ́ínmọ́ín tó bá ti ń jinná. Antibody yìí, ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni, oníkálukú wọn ló ní ohun tó ń ṣọ́. Tí ohun náà bá ti dé, iná tó wà nínú ike á yí padà. Wáyà ti di ẹ̀ṣọ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa pín in kiri pé ọmọ Yorùbá kan ló dá biosensor sílẹ̀. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ṣe tó wọn láti fi yangàn: ní Yunifásítì Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n ṣe àwọn wáyà tíńtín tó lè mọ oògùn olóró àti èròjà bọ́ǹbù, bó ti wù kó kéré tó. Wọ́n gba pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà lórí irú ẹ̀rọ yìí, wọ́n sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní 2005. Láti 2019, ní New Jersey ni wọ́n wà.

Èyí tí àwa fẹ́ràn jù kò kan bọ́ǹbù rárá. Chromium tó ní nọ́ńbà 6, májèlé ni. Onínọ́ńbà 3 kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ẹ́ńsáìmù àwọn kòkòrò tí ojú ò rí sọ alágbára yẹn di jẹ́jẹ́, iye tó ń yí padà sì gòkè láti 40% dé 98%. Ẹni tó bá mọ omi tó ń ṣàn jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ ní Kano á mọ ìdí tí a fi pàtẹ́wọ́.

Kí ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ tó bá ti ní bọ́tìnnì náà ni ẹ̀rọ. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, James McCormick, ta ADE 651 fún Iraq pé ó ń mọ bọ́ǹbù. Áńtẹ́nà lásán ni, ohun tó lè gbóòórùn ò sí nínú ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ń gbé e dúró lójú títì ní Baghdad, bọ́ǹbù ń kọjá. Ilé ẹjọ́ ní London rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 2013, àmọ́ àwọn tó ti kú ò jí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dá ọkọ̀ ọ̀kan nínú wa dúró lẹ́nu géètì kan láàárín ìlú. Ọmọ ẹ̀ tó wà ní SS2 béèrè pé kí ni wọ́n ń fi jígí wá. Bàbá ẹ̀ ní bọ́ǹbù ni. Ó ní tó bá wà nínú báàgì ńkọ́? Ìbéèrè yẹn ló mú wa kọ èyí. A ti sọ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Sadik fún un, ó sì ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kẹ́mísírì ẹ̀.