Àwọn Ará Wa ní Tamale àti Àṣẹ Ọdún 1969

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ọkọ̀ akẹ́rù ni ó kọ́kọ́ gbé àwọn ará wa dé apá àríwá Ghana. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ìgbà láéláé fi rìn, láti Ìlọrin gba Parakou àti Djougou lọ sí ọjà obì Salaga, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó sọ Tamale, ìlú tí Sakasaka jẹ́ àdúgbò kan nínú rẹ̀, di olú-ìlú agbègbè náà ní 1907. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò là, àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí pọ̀ sí i níbẹ̀.

Kì í ṣe ìjọba ni ó fún wọn ní owó ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni í mú àbúrò lọ. Àbúrò a sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọdún díẹ̀ láìgba owó oṣù. Ojú ni yóò fi kọ́ iye tí à ń tà, àti ẹni tí a lè tà fún ní àwìn. Bí ó bá ti gbọ́n tó, ẹ̀gbọ́n a fi ọjà lé e lọ́wọ́, òun náà a sì ránṣẹ́ sílé kí wọ́n fi ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí i. Èsúsú ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń parí ìjà, ó sì ń sin òkú. Àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n dá sílẹ̀ ń sin Ọlọ́run ní èdè Yorùbá, àwọn Mùsùlùmí wọn sì ń kírun.

Wọn kò jókòó sí ìlú nìkan. Ọjọ́ mẹ́fà-mẹ́fà ni ọjà ń yí po ní ilẹ̀ Dàgọ́mbà, wọ́n sì ń gbé ọṣẹ, iyọ̀, ìṣáná, abẹ́rẹ́ àti aṣọ tọ àwọn àgbẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ń rà láwìn títí di ìkórè. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́: bí wọ́n bá ti rówó, ìlú wọn ni ọ̀pọ̀ ń kọ́lé sí. Àwọn onílẹ̀ rí i, ó sì dùn wọ́n.

Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n ní ìwé. Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ilẹ̀ méjèèjì wà títí Ghana fi gba òmìnira ní 1957. Ìkànìyàn 1960 fi hàn pé bí 100,000 Yorùbá wà ní Ghana, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì bí síbẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18 Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì! Ta ni ó lè gba àwìn tí ó wà káàkiri abúlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ọjà di títà ní ẹ̀dínwó, ìjọ kún fún àga òfìfo, àwọn ọmọ tí kò mọ Nàìjíríà rí sì gúnlẹ̀ sínú orílẹ̀-èdè tí ogun abẹ́lé ń jà.

Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí, nítorí ní oṣù kìn-ín-ní 1983 Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana. Ìwé àdéhùn ECOWAS ti 1979 sì ti là á sílẹ̀ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹ̀tọ́ láti wọlé yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ láti pàtẹ. Òfin tí Ghana ṣe ní 2013 fi òwò wẹ́wẹ́ inú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan, òwò náà gan-an tí àbúrò fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.